Iye Àjà Kẹta

Láti ìgbà tí mo ti ju àpòòwé tí iye owó iṣẹ́ wa wà nínú rẹ̀ sínú àpótí ní ilé alájà mẹ́rin yẹn ni ara mi ò ti balẹ̀. Àárọ̀ kùtù ni mo jù ú sí i. Kí aago mẹ́wàá tó lù, mo ti ka ìwé ìwọ̀n mi nígbà mẹ́fà, mo ti to àwọn búrọ́ọ̀ṣì sára ògiri, mo ti tú wọn ká, mo ti tún wọn tò. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jókòó sórí garawa tó dojú dé, ó ń nu ẹnu rọ́bà gbọọrọ tí a fi ń fa eruku, ó sì ń fi ojú tẹ̀lé mi.

"Onítéèpù," ó ní, "ṣé èèrà wọ ṣòkòtò ẹ ni?"

"Kò sí nǹkan, Ẹ̀gbọ́n."

"Kò sí nǹkan lo ń yí po bí adìẹ tó fẹ́ yé? Jókòó, jọ̀ọ́. O ti wọn ilé, o ti dá iye lé e, ó ti wà nínú àpótí. Aago méjì ni wọ́n máa ṣí i. Kí lo tún fẹ́ ṣe sí i?"

Mo jókòó. Mo tún dìde.

Iṣẹ́ wa kò ṣòroó ṣàlàyé. Nínú ilé iṣẹ́ ńlá, atẹ́gùn tútù kì í dédé jáde lára sílìn. Ẹ̀rọ kan ló ń fẹ́ ẹ láti orí òrùlé, páìpù ló sì ń gbé e kiri yàrá. Kì í ṣe páìpù róbótó bíi ti omi o. Páànù ni wọ́n fi ṣe é, onígun mẹ́rin, ó sì fẹ̀ tó kí ọmọ ọdún mẹ́ta rá gba inú rẹ̀ kọjá. Àwọn ẹnu rẹ̀ ni ohun onírin wẹ́wẹ́ tí ẹ máa ń rí lókè orí yín ní báńkì. Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, eruku á kó sínú rẹ̀, àti irun, àti òkú kòkòrò, àti àwọn nǹkan tí n kò ní dárúkọ. Àwa la máa ń kó o jáde.

Kíkó o jáde kọ́ ló le, dídá iye lé e ló le, nítorí ẹnu rẹ̀ nìkan lẹ máa rí; ikùn rẹ̀ wà nínú sílìn. Àwọn kan á ka ẹnu, wọ́n á sọ ọ́ di owó, wọ́n á máa lọ. Èmi kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí owó, ọjọ́ ni mo kọ́kọ́ máa ń kà. Màá ka ẹnu, màá wọn gígùn, màá ka ibi tí páìpù ti ṣẹ́rí, nítorí búrọ́ọ̀ṣì kórìíra kọ́nà. Lẹ́yìn náà ni màá fi eegun ìka kan páànù náà: kó, kó, kó. Èyí tí inú rẹ̀ ṣófo á dún bí agolo. Èyí tí wọ́n bá tẹ́ nǹkan sí nínú á dún bí ìgbà téèyàn gbá tìmùtìmù. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo kàn ń kàn án ni títí etí mi fi mọ̀ ọ́n.

Iṣẹ́ ilé yìí la gbọ́kàn lé. Ilé iṣẹ́ kan tó lóókọ ti ní kí ẹ̀gbọ́n mi wá máa ṣe alábòójútó àwọn agbálẹ̀ wọn, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n sì fẹ́ gbọ́ èsì. Ọjọ́rú nìyí. Àdéhùn wa ni pé bí a bá rí iṣẹ́ yìí gbà, kò ní lọ; bí a ò bá rí i gbà, á lọ. Bó bá sì lọ, ilé iṣẹ́ tiwa parí nìyẹn. Èmi mọ bí wọ́n ṣe ń wọn ilé, ṣùgbọ́n n kò mọ bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ tí wọ́n á fi gbé iṣẹ́ léni lọ́wọ́. Bí mo bá dá dúró níwájú oníbàárà, gígùn páìpù ni màá máa kà fún un títí oorun á fi gbé e lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ló ní ẹnu, èmi ni mo ní téèpù.

"Tan ẹ̀rọ yẹn fún mi," ó ní, "kí n wò ó bóyá rọ́bà yìí ṣì ń jò."

Mo tan ẹ̀rọ tó ń fa eruku. Ó ké bí ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ dí etí. Mo rántí pé ìdérí rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, mo gbé e, mo dé e mọ́ ọn, ariwo náà sì rọlẹ̀ lójijì bí ọmọ tí wọ́n fi ọmú dí lẹ́nu. Lọ́dún tó kọjá ni mo gé fóòmù ibùsùn ògbólógbòó, tí mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìdérí náà kí àwọn aládùúgbò lè fi wá lọ́rùn sílẹ̀. Fóòmù ló ń mu ariwo.

Ọwọ́ mi dúró lórí ìdérí náà.

Àjà kẹta dákẹ́. Ní ilé alájà mẹ́rin yẹn, àjà kìíní ń hó, ìkejì ń hó, ìkẹrin ń hó; bí atẹ́gùn bá ti ń jáde lẹ́nu páìpù, ẹ ó máa gbọ́ ọ. Àmọ́ ní àjà kẹta, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ báyìí ló ń jáde, bí ẹni tó ń mí lójú oorun. Àwọn tó ń dá oníbàárà lóhùn lórí fóònù ló wà níbẹ̀, wọ́n tó ogójì, gbogbo wọn ló de nǹkan mọ́ etí. Lọ́jọ́ tí mo lọ wọn ibẹ̀, wọ́n ní kí n jọ̀ọ́ má pariwo. Mo bọ́ bàtà, mo yọ́ rìn, mo ka ẹnu mẹ́rìnlélógún, n kò kan páànù kankan. Ojú ń tì mí láti máa kàn án kó-kó-kó lórí àwọn èèyàn tó ń sọ̀rọ̀. Mo wá kọ ọ́ sínú ìwé mi pé: *bíi ti ìsàlẹ̀.*

Ọ̀wọ̀ ni mo bù fún wọn. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni mo fi rúbọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀."

"Ká lọ síbo?"

"Mo ti ṣe àṣìṣe."

Kò pariwo. Ó gbé rọ́bà sílẹ̀. "Tó mélòó?"

"Mi ò tíì mọ̀."

"Yéè! Ìyẹn ló burú jù."

* * *

Ó ti lé díẹ̀ ní aago méjìlá nígbà tí a débẹ̀. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ló dá wa dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ni wọ́n ń tọ́jú ilé náà, gbogbo kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ ló wà lórí okùn kan lọ́rùn wọn, tó fi jẹ́ pé ẹ ó ti gbọ́ ìró wọn kí ẹ tó rí wọn.

"Ọjọ́ wíwọn ti kọjá, ọmọ mi," wọ́n ní. "Bí mo bá jẹ́ kó o gòkè lónìí, kí ni màá sọ fún Kíá-Kíá?"

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Kíá-Kíá ni ọkùnrin tó máa ń bá wa du iṣẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló fi ń wọn ilé. Kì í gun àkàbà. Á dúró láàárín yàrá, á yí po lẹ́ẹ̀kan, á kọ nǹkan sí àtẹ́lẹwọ́, ó parí. Iṣẹ́ tó ń rí gbà sì ju tiwa lọ.

Èmi ti ń wo ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ẹ̀tọ́ lẹ sọ. Ẹ kúkú pe Kíá-Kíá. Ẹ sọ fún un pé ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún gbogbo wa. Bó bá fẹ́, kó wá bá àbúrò mi gun àkàbà."

"Kíá-Kíá? Àkàbà?" Bàbá rẹ́rìn-ín títí kọ́kọ́rọ́ fi ń jó láyà wọn. Wọ́n pè é, wọ́n jẹ́ kí gbogbo wa gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kó gòkè," Kíá-Kíá ní, oúnjẹ wà lẹ́nu rẹ̀. "Kó tilẹ̀ sùn sínú ẹ̀. Ẹnu mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ni. Mo ti kà á, ó ti tán."

Bàbá gbé àkàbà fún mi, wọ́n sì tẹ̀ lé mi. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fún mi.

Ní àjà kẹta, mo bọ́ bàtà bíi ti ìjọ́sí. Mo gbé àkàbà sáàárín tábìlì méjì, mo tú síkúrù mẹ́rin, mo fi wọ́n sẹ́nu kí wọ́n má baà já sórí ẹnikẹ́ni, mo gbé irin ẹnu kan sọ̀kalẹ̀. Mo ki ọwọ́ bọ inú páìpù náà dé èjìká. Kò tutù bíi páànù. Ó rọ̀. Mo gbé dígí kékeré wọlé, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i, mo wá rí i: òwú tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gbogbo ara rẹ̀ nínú, òwú tó máa ń yún ara, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Níbi tí páànù méjì ti pàdé, etí òwú náà ti ṣí, ó ń mì lẹ̀lẹ̀ nínú atẹ́gùn bí etí ewúrẹ́.

Bí ẹ bá fi búrọ́ọ̀ṣì tó ń yí bí òòyì wọ ibẹ̀, kì í ṣe eruku ló máa gbá. Òwú ni yóò máa fà ya. Bí wọ́n bá sì tan ẹ̀rọ padà, gbogbo rẹ̀ á fẹ́ sórí àwọn èèyàn náà.

Ẹnì kan fà mí lẹ́sẹ̀ ṣòkòtò. Ọmọbìnrin kan tó jókòó nísàlẹ̀ mi ni. Ó fi ọwọ́ bo ohun tó fi ń sọ̀rọ̀, ó sọ wúyẹ́wúyẹ́:

"Ẹ jọ̀ọ́, bùọ̀dá, ṣé nǹkan tó ń já sórí tábìlì mi lẹ wá tún ṣe?"

Mo fi síkúrù sápò kí n tó lè fèsì. "Irú kí ni?"

Ó fi ìka kan orí tábìlì, ó nà án sókè sí mi. Ìhùùhù eléèérú wà lórí rẹ̀, wẹ́wẹ́ bí irun ológbò. "Ojoojúmọ́ ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti wá nu inú ẹ̀ lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ọrùn mi kì í yé yún mi." Ohùn rẹ̀ yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, ó dùn bí oyin: "Bẹ́ẹ̀ ni sà, ẹ má bínú sà, mo ṣì wà lórí ìlà."

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ gbé ojú sókè wò mí. Mo ti ń ka ọjọ́.

* * *

Nínú ọkọ̀, mo ń họ apá, mo ń ṣírò. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́ lé ìdarí ọkọ̀ bí ẹni pé a ń lọ síbì kan, àmọ́ a ò kúrò níbi tí a dúró sí. Aago kan ti kọjá ogún ìṣẹ́jú.

"Wí," ó ní.

"Ọjọ́ méjì-méjì la fi sí àjà kọ̀ọ̀kan. Mẹ́jọ lápapọ̀. Àjà mẹ́ta ṣì dúró bẹ́ẹ̀, ọjọ́ mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ìkẹta yẹn, a ò lè fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án. Ọwọ́ la máa fi fa eruku ẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń họ ojú ọgbẹ́. A ó lẹ gbogbo etí tó ti ṣí. A ó kun nǹkan tó máa di òwú yẹn mú. Òun nìkan á gba ọjọ́ mẹ́jọ."

"Mẹ́jọ àti mẹ́fà."

"Mẹ́rìnlá."

"Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì. Kíá-Kíá á kọ mẹ́jọ. Bóyá méje." Ó mí kanlẹ̀. "Àbúrò, fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Jẹ́ ká gba iṣẹ́ ọ̀hún ná. Ta ló máa gun àkàbà lọ yẹ inú ẹ̀ wò?"

"Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí kò nílò àkàbà, Ẹ̀gbọ́n. Orí tábìlì ẹ̀ ló ń já sí."

"Ó ti ń já bọ̀ ká tó débẹ̀!"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó nu ún lọ́dún méjì sẹ́yìn ṣe ní kí òun gba iṣẹ́ ọ̀hún ná."

Ó yíjú sí mi. Mo rò pé á gbá mi létí. Ìgbà tó gbá mi létí gbẹ̀yìn, mo tú rédíò bàbá wa palẹ̀, n kò mọ bí mo ṣe fẹ́ tò ó padà.

"Ọjọ́ Ẹtì ni mo máa dá àwọn èèyàn yẹn lóhùn," ó ní jẹ́ẹ́. "Ṣé o mọ̀? Bí mo bá kọ mẹ́rìnlá, bí ìgbà tí mo fọwọ́ ara mi tì ọ́ sílẹ̀ ni."

"Mo mọ̀."

"O mọ̀, o sì jókòó síbẹ̀ ò ń họ apá."

"Ó ń yún mi ni."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó sì bínú sí ẹ̀rín náà. Ó wo àwọn fèrèsé ilé yẹn fún ìgbà díẹ̀. Aago kan ààbọ̀ ti kọjá. Ìka mi ń lu orúnkún. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ó gbé ọwọ́ sókè.

"A kì í torí pé a fẹ́ jẹran ká wá máa pe màlúù ní bùọ̀dá," ó ní níkẹyìn. "Gbé bíírò. Yà á sọ́tọ̀. Àjà mẹ́ta lójú ìwé kan, iye tiwọn. Àjà kẹta lójú ìwé tirẹ̀, iye tirẹ̀, kó o sì kọ ìdí ẹ̀ sábẹ́, kúkúrú, má kọ ìwé ìtàn. Kí wọ́n fúnra wọn rí ohun tó gbówó lórí."

N kò ronú kan ìyẹn rí. Lójú mi, ilé kan, iye kan ni. Mo kọ ọ́ lórí itan mi, bíírò ń gún ìwé lu. Òfin wọn ni pé ẹni tó bá fẹ́ yí iye rẹ̀ padà lè ju àpòòwé mìíràn sí i kí aago méjì tó lù. Èyí tó dé kẹ́yìn ni wọ́n máa kà. Nígbà tí mo ju tiwa sí i, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Àgbàrá òógùn ń ṣàn lẹ́yìn mi.

* * *

Àwa mẹ́ta la du iṣẹ́ náà: Kíá-Kíá, àwọn ọkùnrin méjì kan tí wọ́n de táì, àti àwa. Ìyá tó jẹ́ ọ̀gá ilé náà ló ń ka iye. Àwọn onítáì kọ ọjọ́ mẹ́wàá, owó wọn sì ga. Kíá-Kíá kọ méje. Nígbà tí ìyá náà ṣí tiwa, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Ojú ìwé méjì lèyí," ó ní, ó sì ka iye méjèèjì sókè.

Kíá-Kíá pàtẹ́wọ́. "Onítéèpù! Ṣé ẹ fẹ́ nu ilé ni àbí ẹ fẹ́ rà á?"

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Mo wo bàtà mi. Ọ̀gá náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ń ka ohun tí mo kọ sábẹ́. Ó bi Kíá-Kíá pé: "Ṣé ẹ mọ̀ pé òwú wà nínú páìpù àjà kẹta?"

"Òwú kẹ̀, irin kẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì ni búrọ́ọ̀ṣì, mà."

Ó bi àwọn onítáì. Wọ́n ní àwọn á padà wò ó. Ó wá kọjú sí wa. "Ta ló wọn ibí yìí?"

Ẹ̀gbọ́n mi ló dáhùn. "Àbúrò mi ni, mà. Kò mọ ọ̀rọ̀ sọ. Àmọ́ bó bá ní òwú ni, ẹ má wulẹ̀ jiyàn, òwú ni."

Ìyá náà pe Bàbá Kọ́kọ́rọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ́. Àwọn yòókù jókòó. N kò lè jókòó. Mo ka ẹnu atẹ́gùn tó wà nínú yàrá náà, mẹ́rin ni, mo tún un kà, mẹ́rin ni. Nígbà tó padà wọlé, kò jókòó kó tó sọ ọ́: Kíá-Kíá ni yóò ṣe àjà kìíní, ìkejì àti ìkẹrin. Àwa la máa ṣe ìkẹta, ní iye tí a kọ.

Ní ìta, Kíá-Kíá fọwọ́ gbá mi léjìká. "Mo mú ẹran, ẹ mú egungun. Ẹ jẹ ẹ́ re o!"

"Ẹ ṣọ́ra kí eyín yín má di sí i," ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

A wọ ọkọ̀. Kò tan án. Ọjọ́ mẹ́jọ, dípò ilé odindi. A ò gba iṣẹ́ náà, a ò sì pàdánù rẹ̀. Àdéhùn wa kò sọ nǹkan kan nípa irú èyí. Mo ń dúró kó sọ ọ́. Ó gbé fóònù, ó tẹ nọ́ńbà, mo sì mọ ẹni tó ń pè.

"Ẹ káàsán, sà," ó ní. "Nípa iṣẹ́ alábòójútó yẹn. Ṣé ẹ lè dúró dè mí fún ọ̀sẹ̀ méjì?" Ó gbọ́. "Ọjọ́ Ẹtì náà ni, àbí?" Ó tún gbọ́, ó ń fi èékánná họ ìdarí ọkọ̀. "Ó dáa, sà. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn gbà á. Ẹ ṣé gan-an."

Ó ju fóònù sí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tẹ́ ẹ..."

"Má bi mí. Bí o bá bi mí, màá tún un pè." Ó fi ọwọ́ méjèèjì nu ojú. "Wọ́n bi mí pé ta ló wọn ibẹ̀, mo sì dárúkọ ẹ níwájú gbogbo wọn. Ọjọ́ mẹ́jọ lo kọ?"

"Mẹ́jọ."

"Ọjọ́ mẹ́jọ náà la máa fi ṣe é, kò ní di mẹ́sàn-án. Ẹni tí ò níṣẹ́ míì mọ́ ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀."

Ó na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́ láti tan ọkọ̀, ṣùgbọ́n mo ti ṣí ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ mi kan ti wà nílẹ̀, mo ti ń wá tọ́ọ̀ṣì mi. Ẹnu mẹ́rìnlélógún ló wà ní àjà kẹta yẹn. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo tíì ki ọwọ́ bọ̀.